Kí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “capable”? Mo kọ ọ́ nípa ẹlòmíràn, ó di ẹ̀sùn. Wọ́n kọ ọ́ nípa mi, wọ́n ní ìyìn ni

Àdùnní Leeds (Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló gbé mi wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti bá mi jà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Leeds, dandan sì ni kí á kọ àkọsílẹ̀ nípa ẹni tí a tọ́jú kí á tó lọ sílé. Bàbá kan wà lọ́wọ́ mi tí inú máa ń bí nígbàkígbà tí a bá fẹ́ wẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ṣùgbọ́n kò gbá mi. Nígbà tí mo máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ “He is capable to hit staff”. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé apá bàbá náà ṣì le, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà ṣọ́ra. Ọmọbìnrin bàbá yìí ka àkọsílẹ̀ náà, ó sì bínú pé mo pe bàbá òun ní jàgídíjàgan. Mánéjà wa pè mí, ó ní kí n tún un kọ, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ “to”.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ìwé tí mánéjà kan náà fi ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ mi láti ọdún kan. Ohun tí ó wà lókè ni “Adunni is a capable member of the team”. Ọkọ mi ní ìyìn ni, kí n dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ní bó bá jẹ́ òun ni, inú òun kò ní dùn. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ ẹ̀sùn lọ́wọ́ mi, tí yóò tún jẹ́ ìyìn lọ́wọ́ ọ̀gá mi? Kí ni Yorùbá ń pè é?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Àdùnní, o kú iṣẹ́ o. Má bínú pé mo ń pè ọ́ ní ìwọ, ó ṣeé ṣe kí àbíkẹ́yìn mi jù ọ́ lọ.

Jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti gírámà kúrò nílẹ̀. “Capable” kì í gba “to”. “Of” ni ó máa ń tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá sì wà lẹ́yìn “of” gbọ́dọ̀ ní “-ing” nídìí: “capable of hitting”, “capable of walking”. “Able” ni ó ń gba “to”: “able to walk”. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀ nítorí pé “lè” kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń gbé gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni “I can be able to come”, tí mo ń fi bírò pa rẹ́ lọ́dọọdún, tí mo sì tún ń gbọ́ lórí rédíò lẹ́nu àwọn tí ipò wọn ga. “Can” ti sọ ọ́ tán, “able” tún wá ń sọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà méjì sí ẹsẹ̀ kan.

Ní ti ìtumọ̀, ìyìn ni, ènìyàn ni a sì ń lò ó fún, a kì í lò ó fún nǹkan. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n Peckham (Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́)

Ẹ ṣeun, sà. Ti gírámà kò ní iyàn jíjà nínú, ṣùgbọ́n ti ìparí yẹn ni n kò lè jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Páálí fóònù tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, “5G capable” ni wọ́n kọ sí i lára. Ọkọ̀ tí ó lè sá ọgọ́fà máìlì ní wákàtí kan, “capable of 120 miles an hour” ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. “Able” gan-an ni kì í fẹ́ bá ohun aláìlẹ́mìí rìn. “Capable” kò yàn wọ́n.

Ní ti ìyìn, ìyìn máa ń ní ìwọ̀n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo sì fi ń ka ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń kọ nípa ẹni tí ń wáṣẹ́. Bí mo bá rí “capable” lásán, ohun tí mo ń kà níbẹ̀ ni pé ẹni náà kì í ba iṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n pé kò sí ohun tí ó ṣe tí ó ya ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. “Very capable” ti gorí ìyẹn. “One of the most capable people I have worked with”, ìyẹn ni kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún lọ fi há férémù. “Perfectly capable” wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí pé ìbáwí ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí obìnrin òyìnbó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé “You are perfectly capable of washing your own plate”, kò yìn ín o. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò kán.

Nítorí náà, Àdùnní, ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ọkọ yín náà kò sì purọ́. Ẹ wo gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e.

Ará Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé ní ìhà tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú sípẹ́lì kan náà. “Il est capable de tout” ni wọ́n máa ń wí nípa ẹni tí kò sí ohun tí kò lè ṣe, n kò sì tíì rí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí tí ó rẹ́rìn-ín. Faransé a máa fi ọ̀rọ̀ ìṣe lásán tẹ̀ lé “capable de”, ìdí nìyí tí àwa tí a ti Bẹ̀nẹ̀ dé inú Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń kọ “capable to” bí tìrẹ, Àdùnní. Ìwọ nìkan kọ́ ni mánéjà fi bírò pupa pàdé.

Inú Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, láti ara “capere”, tí ó túmọ̀ sí kí á mú nǹkan, kí á gbà á, kí á dì í mú. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní ọ̀rúndún 16, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí nǹkan ní àyè tí ó lè gba nǹkan mìíràn. Ẹ wo “capacity”, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí: títí di òní, iye omi tí kẹ́ẹ̀gì gbà ni a fi ń sọ. Nítorí náà ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Ó ń sọ pé àyè nǹkan náà wà nínú ẹni náà. Ohun tí a bá kó sínú àyè náà ló ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú.

Aṣògbufọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 òwúrọ̀)

Ohun tí Ará Kétu kọ yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí Látìn bá fi dídì mú sọ ọ́, apá ni Yorùbá fi sọ ọ́. “Apá mi ká a” ni a ń wí. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó dúró síwájú igi, tí ó na apá méjèèjì yí i ká. Bí ìka ọwọ́ ọ̀tún bá pàdé ti òsì lẹ́yìn igi, apá rẹ̀ ti ká a nìyẹn. Bí ó bá wá jẹ́ igi osè ni, kí ó máa nà án lọ. Àwòrán yẹn náà ni ó wà nínú àdúrà tí a ń gbà pé apá ọ̀tá kò ní ká wa.

“Able” náà ti ara ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ mímú nǹkan lọ́wọ́ wá. “Can” nìkan ni kò tọwọ́ wá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: inú orí ni ó ti wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “cunnan” ni wọ́n ń pè é, “mọ̀” ni ó sì túmọ̀ sí. Ẹ ò rí i pé àwa náà ń sọ pé ènìyàn mọ ọkọ̀ wà, pé ó mọ̀ ọ́n sè, pé ó mọ̀wẹ̀? Awakọ̀ tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n di símẹ́ńtì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣì mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò lè wa ọkọ̀ lónìí. Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní “unable to drive”. Bí ẹ bá kọ “incapable of driving” nípa rẹ̀, ẹ ti bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé “unable” ń sọ pé nǹkan dí i lọ́wọ́, nígbà tí “incapable” ń sọ pé kò sí nínú rẹ̀.

Wàyí o, kí ni a máa pè é? Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó lè rọ́pò “capable” níbi gbogbo, ẹni tí ó bá sì ń wá a yóò ba ìwé jẹ́. Fún òṣìṣẹ́, “dáńgájíá” ni mo máa ń kọ, tàbí “ó kájú òṣùwọ̀n” bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń wọn ẹni náà mọ́ ipò kan. Fún ìṣòro tí ènìyàn kojú, “apá rẹ̀ ká a”. Fún èyí tí ó jẹ mọ́ ìwà, “irú ẹni tí ó lè ṣe é ni”, èyí sì ni ohun tí ọmọ bàbá yẹn kà nínú àkọsílẹ̀ Àdùnní. Àdùnní ní apá lọ́kàn. Ìwà ni ọmọbìnrin náà kà. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí á yé kọ “ó ní agbára láti”. Ìtumọ̀ oréfèé ni, kò sí ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Mo gba ti fóònù, Ẹ̀gbọ́n Peckham. Ẹ ti borí mi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Aṣògbufọ̀, ẹ ti fi ọwọ́ líle mú “ó ní agbára láti”. Bí ó bá jẹ́ agbára tí òfin gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ ni a ń sọ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀: adájọ́ ní agbára láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ibi tí kò ti tọ́ ni kí á máa kọ ọ́ nípa ọmọdé tí ó lè kàwé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán)

Ẹ dákun, ṣé òun náà ni ó wà nínú “culpable homicide” tí a máa ń kà nínú ìwé ìròyìn? Mo rò pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni náà lè pànìyàn.

Aṣògbufọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:58 ọ̀sán)

Rárá o, wọn kò bá ara wọn tan. “Culpa” ni ẹ̀bi nínú Látìn, nítorí náà “culpable” ni ẹni tí ẹ̀bi wà lórí rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá Nàìjíríà ni ó ń lo ọ̀rọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Glasgow (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:47 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó. Èmi kò wá sórí ìyìn tàbí ẹ̀sùn, ohun tí ó lè kó Àdùnní sí wàhálà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Àbúrò, má ṣe jẹ́ kí “capable” àti “capacity” gba ipò ara wọn nínú àkọsílẹ̀ rẹ láéláé. Nínú iṣẹ́ wa, “capacity” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní England àti Wales, Mental Capacity Act ti ọdún 2005 ni ó ń darí rẹ̀. Òfin náà ní kí á gbà pé ẹni tí ó ti dàgbà lè dá ìpinnu ṣe fúnra rẹ̀, àyàfi bí a bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè ṣe é. Nǹkan mẹ́rin ni a ń wò: ṣé ọ̀rọ̀ tí a sọ yé e, ṣé ó lè rántí rẹ̀ títí yóò fi pinnu, ṣé ó lè gbé e wọ̀n, ṣé ó sì lè jẹ́ kí á mọ ohun tí ó fẹ́ ní ọ̀nàkọnà. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ni a sì ń wọ̀n lọ́tọ̀. Mo ti tọ́jú ẹni tí ó lè yan oúnjẹ tí yóò jẹ, tí ó sì mọ ìdí tí ó fi yàn án, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ owó ilé tí wọ́n fẹ́ tà kò yé e rárá. Mo sì ti tọ́jú obìnrin kan tí kò lè gbé ọwọ́, tí kò lè gbé ẹsẹ̀, tí ó ń fi ojú ṣíṣẹ́ dá wa lóhùn, tí làákàyè rẹ̀ sì pé. Kò “capable” ti ohunkóhun pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n “capacity” rẹ̀ pé pérépéré.

Òfin tiwa níhìn-ín ní Scotland yàtọ̀, ti ọdún 2000 ni a ń lò, nítorí náà ohun tí ilé iṣẹ́ yín bá kọ́ ọ ni kí o tẹ̀ lé.

Ní ti bàbá yẹn, “capable of hitting” gan-an kò yẹ níbẹ̀, àní pẹ̀lú “of”. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ, má kọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, aago báyìí ni, ohun tí o ń ṣe lọ́wọ́ nìyí, kò kàn ọ́. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ yóò mọ bí yóò ṣe ṣọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́)

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má lé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ pátápátá. “He is capable of feeding himself” wúlò púpọ̀, nítorí pé ó ń dá òṣìṣẹ́ tí ń kánjú dúró kí ó má baà gba ṣíbí lọ́wọ́ bàbá tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun.

Ìyá Túndé (Ọjọ́rú, 7:30 òwúrọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì mẹ́nu kan “capability”. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tí mo wà nígbà náà ní Manchester fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sí “formal capability meeting”. Mo kà á fún bàbá Túndé, inú rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n ti rí i pé mo dáńgájíá, wọ́n fẹ́ gbé mi ga. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé ènìyàn mẹ́ta ló jókòó, tí ọ̀kan nínú wọn ń kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ àwọn àṣìṣe tí mo ṣe nínú ìwé òògùn síwájú mi lórí tábìlì. Ìkìlọ̀ ni wọ́n pè mí wá gbà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan là mí lóye pé nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Britain, Employment Rights Act ti ọdún 1996, “capability” jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí agbanisíṣẹ́ lè tìtorí rẹ̀ dá ènìyàn dúró láì rú òfin. Iṣẹ́ tí ẹni náà kò mọ̀ ọ́n ṣe tó, tàbí àìsàn tí kò jẹ́ kí ó lè ṣe é, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí “conduct”, tí ó jẹ́ ti ìwà. Ẹni tí wọ́n bá pè sí irú ìpàdé tí ó lè já sí ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání. Èmi nìkan ni mo lọ ní tèmi, pẹ̀lú gèlè.

Nítorí náà, “capable” nínú ìwé àyẹ̀wò kò ní kí ọkàn ẹni já. Bí “capability” bá wá nínú lẹ́tà ni kí ẹ wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín.

Ará Kétu (Ọjọ́rú, 8:02 òwúrọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Túndé. Ó mà ṣe o, ọ̀rọ̀ kan náà ti sọ ènìyàn di olókìkí rí nílẹ̀ yín níbẹ̀. Lancelot Brown, tí ó ń tún ọgbà àwọn ọlọ́lá ṣe ní England láyé àtijọ́, tí ó kú ní ọdún 1783, “Capability” ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ó bá ti wo ilẹ̀ ènìyàn, yóò ní ilẹ̀ náà ní ohun tí a lè fi í dà.

Àdùnní Leeds (Ọjọ́rú, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ìyá Túndé, mo rẹ́rìn-ín nítorí gèlè, lẹ́yìn náà ni mo wá káàánú yín. Ẹ má bínú.

Mo ṣe bí Ẹ̀gbọ́n Peckham ṣe wí, mo ka gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé “capable” nínú ìwé mi, èyí tí n kò kà dáadáa tẹ́lẹ̀ nítorí ìbínú. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé láti oṣù tí ń bọ̀, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ alẹ́ lé mi lọ́wọ́ láìsí ẹni tí yóò máa bójú tó mi. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ọ̀gá mi fi wọ̀n mí kò kéré tó bí mo ṣe rò. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ó jàre. Kò ì tíì dákẹ́ láti àná.

Ní ti bàbá, mo ti tún un kọ báyìí: “At 7.40 am, during his wash, he raised his right hand towards me. There was no contact. I could calm him down after ten minutes with the radio.” Ọmọ rẹ̀ kà á lónìí, ó ní orin tí bàbá òun fẹ́ràn ni mo yàn. Ṣé ó ti tọ́?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́)

Ó tọ́ àfi ibì kan. Mú “could” kúrò, kí o fi “was able to” sí i. “Could” dára bí o bá ń sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe nígbàkígbà láyé àtijọ́, bí “he could swim as a boy”. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí o gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí ó sì bọ́ sí i, “was able to” ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ sí i, “could not” tọ́ láìsí àríyànjiyàn. Gẹ̀ẹ́sì kì í yan ẹni tí kò rí i ṣe lódì.

Àdùnní Leeds (Ọjọ́rú, 7:34 alẹ́)

Mo ti tún un ṣe, sà. “I was able to calm him down.” Mo ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ báyìí, rédíò náà wà nínú báàgì mi.